Ewé Mẹ́rin Tó Yẹ Kó Wà Lẹ́yìn Ilé Yín ní Kumasi

Ẹni tó bá wọ ọjà Kejetia ní Kumasi, tó ní òun ń wá ọṣẹ dúdú, lè rìn títí kí ó tó rí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti pè é ní “alata samina,” kíá ni wọn yóò nawọ́ sí i. Samina ni ọṣẹ lédè Twi. Alata ni àwọn Akan ń pe àwa tí a ti ìhà Nàìjíríà wá. Orúkọ wa wà lára ọṣẹ náà, síbẹ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi lè fi wẹ̀ dàgbà láìmọ̀ pé ọṣẹ dúdú ìyá ìyá òun ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ewé rí. Ewé tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìnísà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ti wá ṣòwò ní Ghana, ló wà ní Kumasi náà. Orúkọ ló yàtọ̀. Ewé kan wà tí àwa ń pè ní ewé Akíntọ́lá tàbí ewé Awólọ́wọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Acheampong ni wọ́n ń pè é ní Ghana, orúkọ ọ̀gágun tó ṣe ìjọba níbẹ̀ láti 1972 sí 1978. Ewé kan náà ni. Olóṣèlú tó fún un lórúkọ ni kì í ṣe ẹyọ kan.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá kó ẹrù wọn kúrò. Àwọn àgbà tó yẹ kó fi ewé han ọmọ-ọmọ wọn wà lára àwọn tó lọ. Tí orúkọ ewé bá sì ti sọnù nínú ilé, ìlò rẹ̀ náà yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń se ewé tí kò dá mọ̀ dájú ń fi ara rẹ̀ wewu.

Kamomáìlì ń kọ́?

Àwọn ìyá kan ń béèrè bóyá wọ́n lè gbin òdòdó funfun oníyẹ́lò láàárín, tí wọ́n ń kọ “chamomile” sára páálí tíì rẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù àti ìwọ̀-oòrùn Éṣíà ni ìbílẹ̀ rẹ̀, Íjíbítì náà sì ń gbìn ín púpọ̀ tà sókè òkun. Ojú ọjọ́ tútù ló fẹ́. Ooru Kumasi sábà máa ń dá a lágara kí ó tó yọ òdòdó. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kí ó dúró di àsìkò ọyẹ́. Kí ó wọ́n irúgbìn náà sí ojú ilẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ó má bò ó, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń mú un hù. Oòrùn àárọ̀ nìkan ni kí ó máa rí.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun gbígbóná tí ara yóò fi balẹ̀ lálẹ́, tàbí tí inú yóò fi rọ̀, ni ẹ ń wá, ẹ ní ohun tó sún mọ́ yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn mẹ́rin náà

*Ẹfínrín*, tí wọ́n ń pè ní nunum lédè Twi. Ẹ wọ́n irúgbìn rẹ̀, tàbí kí ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn. Ẹ máa já òdòdó rẹ̀ kí ewé lè máa pọ̀ sí i. Òróró tó ń mú un ta sánsán ní thymol nínú, èròjà kan náà tí wọ́n ń fi sínú àwọn omi ìfọnu kan nítorí pé ó ń pa kòkòrò. Ẹ rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí òórùn rẹ̀ má bàa bá èéfín lọ.

*Ewúro*, awonwono ni tiwọn. Ẹ gé igi rẹ̀ tó gùn tó apá, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, tàbí nígbà àrọ̀kúrò ní oṣù Kẹsàn-án. Bí ẹ bá ṣe ń gé e ni yóò máa rúwé.

*Ewé tíì*, tí àwọn kan ń pè ní kooko ọba. Ẹ ra èyí tó ní ìdí lọ́jà, ẹ fi í sínú omi títí yóò fi ta gbòǹgbò, kí ẹ tó gbìn ín. Ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a sè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ife méjì. Ẹ ṣọ́ra fún etí ewé náà, ó máa ń géni lọ́wọ́.

*Atalẹ̀*, tí wọ́n ń pè ní akakaduro. Ẹ yan èyí tó ti ń yọ ojú, ẹ rì í sínú ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tí ewé rẹ̀ bá ti pọ́n, ó ti tó wú.

Ẹni tó ń gbé nínú ilé alájọgbé tí kò ní ilẹ̀ lè lo bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ta òróró, kí ó dá ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe já ewé etí gọ́tà tàbí ti ẹ̀gbẹ́ títì fún jíjẹ, bó ti wù kó tutù yọ̀yọ̀ tó.

Ibi tí agbára ewé mọ

Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná kì í ṣe ẹni tí à ń se ewé fún, ká máa wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ibà lè le mọ́ ọmọdé lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ kan péré. Ẹ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ mu àgbo kankan. Ọmú ìyá nìkan ni tirẹ̀. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà tàbí warfarin gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó máa mu ewé lójoojúmọ́. Kamomáìlì inú páálí náà wà nínú rẹ̀.

Èyí kò fi ewé wọ́lẹ̀. Inú ewé kan ní Ṣáínà ni Tu Youyou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ artemisinin ní 1972, èyí tó wà nínú oògùn ibà tí à ń lò lónìí, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i kí a máa se ewé náà mu bí tíì láti wo ibà, nítorí pé ìwọ̀n oògùn inú ife kan kì í bá ti èkejì dọ́gba. Ní Kumasi níbẹ̀, láti 2001 ni Yunifásítì KNUST ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìṣègùn ewé títí dé oyè dìgírì. Ìwọ̀n yìí àti majele inú ewé wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Tí ẹ bá gbin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ẹ pe àwọn ọmọ jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ra ewé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ orúkọ Yorùbá àti ti Twi sára bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí màmá àgbà bá pè láti ilé, tó ní kí wọ́n já ẹfínrín sọ́bẹ̀, wọn kò ní béèrè pé kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.