Kí Ẹ Tó Ta Ilẹ̀kùn Bàbá Àgbà

Nínú ilé tuntun ní Lẹ́kì tàbí ní Bódìjà, kì í ṣòro láti rí odó tí wọ́n gbé dígí lé lórí, tó ti di tábìlì ìgbàlejò. Ọpọ́n ayò á wà lára ògiri, àmù á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú òdòdó oníke nínú rẹ̀. Ẹ má bínú, ti àmù yẹn ló ń dùn mí jù.

Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣì wà lájà àti lẹ́yìnkùlé àwọn ilé àgbà ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ẹni tó ń wá wọn kiri là ń pè ní oní-ántíìkì. Òun á rà lọ́wọ́ onílé, á tà á fún oníṣòwò Èkó, ti Èkó á tà á fún ẹni tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ tàbí fún òyìnbó. Ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ pé òfin wà lórí káràkátà yìí.

Òfin náà ti pẹ́. Kenneth Murray, tíṣà òyìnbó tó wá kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní 1927, ni ìjọba amúnisìn fi ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1943. Nígbà tó di 1953, òfin jáde. Èyí tí à ń lò báyìí ni ti 1979, Òfin 77, tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Òfin náà dárúkọ òpó ilé, ilẹ̀kùn, ìlù, ọ̀pá, ohun èlò inú ilé, títí kan ọ̀pá ìdábùú tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ṣe é nílẹ̀ yìí ṣáájú 1918, òfin mọ̀ ọ́n. Bí kò tilẹ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tó sì níye lórí ní ti ìtàn tàbí ọnà, tí wọ́n ti fi ṣe orò tàbí ọdún ìbílẹ̀ rí, òfin mọ òun náà. Ọ̀gá àgbà àjọ yìí àti ẹni tó bá fọwọ́ sí nìkan ló láṣẹ láti rà á. Nítorí náà, ìwé àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi oní-ántíìkì, kí ẹ tó bi í léèrè iye tó fẹ́ san.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀kùn kan. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Àwọn ère ara rẹ̀ yọ síta débi pé òjìji wọn ń bọ́ sára pákó. Lápá kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí. Lápá kejì, wọ́n ru Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, bọ̀ wá kí i. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924. British Museum fẹ́ rà á, kábíyèsí kò tà. Wọ́n dúnàá-dúrà títí ó fi gba ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Lónìí, ilẹ̀kùn tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò lè kúrò nílẹ̀ yìí láìgba ìwé. Èmi kò bá Ògògà wí: ọlọ́jà tó mọ iye ọjà rẹ̀ ni. Ẹni tó tú òpó ilé tà kó lè san owó ilé ìwé ọmọ kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ní Òkukù, adé ní olùṣọ́. Ulli Beier kọ odindi ìwé lórí àwọn adé ìlẹ̀kẹ̀ Olókukù, ó jáde ní 1982. Ta ló máa gbé adé kúrò láàfin tí ìlú ò ní gbọ́? Ṣùgbọ́n àpótí tí ìyá àgbà fi ń jókòó sídìí ààrò, ta ló ń ṣọ́ ọ? Bí wọ́n bá ń pín ogún, aṣọ àti wúrà ni wọ́n ń jà sí; àpótí á ṣẹ́kù fún ikán. Ilẹ̀kùn ilé ẹbí tún yàtọ̀, torí gbogbo ẹbí ló ni ín. Ọmọ kan kò gbọdọ̀ tú u tà lẹ́yìn olórí ẹbí. Lójú tèmi, ẹni tí kò gbọdọ̀ rà ni òfin gbájú mọ́, ju bí onílé yóò ṣe rówó tọ́jú ohun tí kò tà lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó dúdú ló gbó. Àwọn kan ń ri iṣẹ́ tuntun mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi èéfín sí i lára, wọ́n ń fi epo pa á, kó lè jọ ti àtijọ́. Ẹ dojú àpótí dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti jókòó lé lórí fún ogójì ọdún máa ń jẹ láàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ dọ́gba, ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú á máa dán. Ti ayédèrú, dúdú rẹ̀ á dọ́gba délẹ̀, títí dé kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í dé.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ wà ní Òṣogbo, kò jìnnà sí Ìkìrun. Ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ọnà jáde nílẹ̀ yìí, tuntun ni o, àtijọ́ ni o, àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ tuntun, wọ́n á fún un níwèé pé kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, á sì máa lọ.