Ìwé Atúmọ̀ Èdè Orí Fóònù àti Ọmọ Tó Ń Kọ́ Èdè Kòríà

A gba àyè lọ́wọ́ olóòtú láti sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, nítorí a gbàgbọ́ pé yóò ṣe àwọn ọmọ yín náà ní àǹfààní.

Ọmọ wa obìnrin kejì ń kọ́ èdè Kòríà. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ̀rín la rín. A rò pé eré orí tẹlifíṣọ̀n ló ń tì í. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé pé ìjọba Kòríà Gúúsù máa ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì, èyí tí wọ́n ń pè ní Global Korea Scholarship, àti pé ẹni tó bá yege nínú ìdánwò èdè wọn, TOPIK, ọ̀nà rẹ̀ á túbọ̀ là. Owó yunifásítì sì wúwo fún akọ̀wé rélùwéè. Nítorí náà a pa ẹ̀rín mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra dátà fún un.

Ní ọjọ́ kan, ó fẹ́ kí ìyá àgbà ará Kòríà tó ń kọ́ ọ lórí fóònù. Ó wá ọ̀rọ̀ fún jíjẹun nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó rí 먹다, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pé: 밥 먹었어? Ìyá náà fi pẹ̀lẹ́ fèsì pé ọ̀rẹ́ ẹni tàbí ọmọdé la ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Ojú tì wá. Ọmọ Yorùbá tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà láràárọ̀ ló wí fún ìyá àgbà pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a jókòó tì í, a wo ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Ìwé kò purọ́; àwa ni a kò kà á dópin. Lábẹ́ 밥, tí í ṣe oúnjẹ, wọ́n tọ́ka sí 진지, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún oúnjẹ àgbà. Bí àgbà bá sì ń jẹun, 드시다 là ń lò. Ọjọ́ orí àgbà, 연세 ni, kì í ṣe 나이. Orúkọ rẹ̀, 성함 ni, kì í ṣe 이름. Àṣà wọn kò jìnnà sí tiwa rárá!

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọmọ náà ti ń ṣe é nísinsìnyí.

Èkíní, ó kọ́ létà wọn kó tó wá ọ̀rọ̀ kankan. Ọba Sejong ló ṣe Hangul ní ọdún 1443, tó sì gbé e jáde fún aráàlú ní 1446. Létà ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 24: kọ́ńsónáǹtì 14, fáwẹ̀lì 10. Ẹni tó bá ń fi létà Gẹ̀ẹ́sì wá a yóò ṣìnà. Iná ni 불, koríko ni 풀, ìwo ẹran ni 뿔. Létí àjèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ tiwa. Nítorí náà ó máa ń tẹ ibi tí ohùn ti ń jáde, yóò sì tún un pè.

Èkejì, ó ń bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a kì í mọ ẹni tó ni ẹrù bí a kò bá yí i dé ibi tí a kọ orúkọ sí. Bẹ́ẹ̀ ni 먹어요, 먹었어요 àti 먹습니다, abẹ́ 먹다 ni gbogbo wọn wà. Bí ó bá rí 학교에, yóò yọ 에 kúrò, yóò sì wá 학교, tí í ṣe ilé-ìwé. Àwọn mìíràn a máa yíra padà: 더워요 wá láti ara 덥다, pé ooru mú.

Ẹ̀kẹta, kì í gba ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ rí. 배 lè jẹ́ ikùn, ó lè jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó sì lè jẹ́ èso kan. Gbólóhùn àpẹẹrẹ ló ń fi hàn èwo ni. Gbólóhùn náà ló ń kọ sínú ìwé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹrin, ó ń fi ìwé méjì wé ara wọn: ti Naver, àti èyí tí Àjọ Èdè ti ìjọba Kòríà ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ odindi gbólóhùn kì í fi ìgbà gbogbo mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé.

Kí àwa àgbà má rẹ́rìn-ín o. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Kàdúná, "kai" là ń pe ọkùnrin àti obìnrin, nítorí èdè wa kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Ìyá tó ń ta fùrá ló kọ́ wa pé "ke" ni ti obìnrin. Kò sí ìwé lọ́wọ́ wa nígbà náà. Ìtìjú ni olùkọ́ wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ọmọ náà kọ̀wé pé: 진지 드셨어요? Ìyá àgbà náà dá a lóhùn pẹ̀lú ayọ̀, ó sì bèèrè àwa òbí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ìdánwò ṣì wà níwájú. Ẹ bá wa gbàdúrà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ kọ́ ọ, Ilé Àṣà Kòríà wà ní Àbújá láti ọdún 2010, wọ́n sì ń kọ́ni ní èdè níbẹ̀. Ẹ má fi ọmọ yín ṣe yẹ̀yẹ́ bí a ti ṣe. Ó dàbọ̀ o.