Lẹ́yìn Tí Ọgbẹ́ Bá Ti Jinná

Ẹkùn Plateau kan náà ni àwa ará Ìfọ̀nyìn àti àwọn ará Pọ́bẹ̀ jọ wà. Ní Pọ́bẹ̀ ni ilé ìwòsàn ẹ̀tẹ̀ àti ọgbẹ́ Buruli wà. Láti ọdún 2003 ni ó ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Fondation Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé. Àwọn aláìsàn ń wá síbẹ̀ láti etí odò Ouémé, àní láti ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú. Nígbà tí ẹnìkan bá sì ti ibẹ̀ dé, ohun tí aládùúgbò máa ń bi í ni pé, “Ṣé ọgbẹ́ ti jinná?” Ìbéèrè rere ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ṣé orúnkún ń ká? Ṣé ìgbọ̀nwọ́ ń nà?

Kòkòrò àìfojúrí tí ó bá ti ẹ̀tẹ̀ tan ni ó ń fa àrùn yìí. Agbègbè kan ní Uganda ni a sì ti mú orúkọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ń mú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Kókó kékeré tàbí wíwú lásán ni í fi í bẹ̀rẹ̀, kì í sì í sábà dunni, nítorí májèlé tí kòkòrò náà ń tú jáde ń pa ẹran ara, ó sì ń pa ìrora mọ́ ọn. Ẹ̀tàn rẹ̀ nìyẹn. Àwọn mìíràn a kà á sí àsàsí, wọn a sì pẹ́ nílé.

Láyé àtijọ́, abẹ ni ìwòsàn rẹ̀: wọn a gé ẹran tí ó ti kú kúrò, wọn a sì bu awọ láti ibòmíràn lé e. Ní ọdún 2004 ni OMS, àjọ ìlera àgbáyé, fọwọ́ sí oògùn tí a ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8. Oògùn náà ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í na ẹsẹ̀ tí ó ti ká.

Àpá ńlá a máa súnkì bí ó ti ń gbẹ, gẹ́gẹ́ bí awọ ẹran tí a sá sí oòrùn. Bí ọgbẹ́ bá wà lẹ́yìn orúnkún, ọmọ a fẹ́ ká ẹsẹ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni ara ti rọ̀ ọ́. Ibi tí ara ti rọ̀ ọ́ yìí gan-an ni ẹsẹ̀ yóò gan sí. Nítorí náà ni àwọn tí ń fi ìdárayá wo ara, tí gbogbo wa mọ̀ sí kiné, ṣe ń de ẹsẹ̀ náà mọ́ attelle kí ó lè nà lóru. Ní ọ̀sán, wọn a ní kí ọmọ máa ká a, kí ó máa nà án, lójoojúmọ́.

Ilé ni ogun ti ń le. Kiné kì í gbọ́ ẹkún. Ṣùgbọ́n nílé, bí ọmọ bá figbe ta, ìyá àgbà a ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti jìyà tó.” Ta ni yóò bá ìyá àgbà wí? Síbẹ̀, irú àánú yìí lè sọ ẹsẹ̀ tí oògùn ti gbà là di ẹsẹ̀ arọ. Àgbẹ̀ tí ó sì ti fi oko sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kò lè máa san owó zémidjan lọ Pọ́bẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú tèmi, ó sàn kí a fi ìdárayá náà bọ inú iṣẹ́ àti eré. Ọmọ tí ìka rẹ̀ gan lè bá wọn pa ẹ̀gúsí, kí ó fún aṣọ, kí ó ta ayò. Èyí tí ó ń sọkún lọ́wọ́ kiné lè ta ayò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Awọ tuntun kò nípọn, ó máa ń gbẹ, ó sì tètè ń ya. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, kí ẹ fi òrí pa á, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó nínú oòrùn. Bí wíwú mìíràn bá yọ, ẹ má pariwo pé aṣebi tún ti dé. Nígbà mìíràn, ara ni ó ń jà lẹ́yìn tí oògùn ti ṣiṣẹ́ tán. Àwọn onímọ̀ ìlera ni yóò mọ ìyàtọ̀, ẹ tètè gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àrùn yìí kì í ràn nípa ìjókòó tàbí ìjẹun pọ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá padà sí kíláàsì, ẹ jókòó tì í. Olùkọ́ sì lè fún un ní ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, níbi tí yóò ti lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, kí ó sì gbà á láyè láti dìde rìn díẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́.