Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá

"Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni." Bí àwọn àgbà ilé wa ní Ìkòtún bá rí ọmọ tálákà tó ń bá ọmọ olówó ṣọ̀rẹ́, òwe tí wọ́n máa ń pa nìyẹn.

Àgùàlà ni ìràwọ̀ funfun tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ yòókù lọ. Kì í jìnnà sí oòrùn, ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí la máa ń rí i. Ibi tí oòrùn wọ̀ sí náà ni oṣù tuntun ti ń yọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé wọ́n jọ ń rìn. Nígbà míì tí àwọn Mùsùlùmí bá ń wá oṣù ààwẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, Àgùàlà lojú wọn ń kọ́kọ́ bá.

Ní 1894, A. B. Ellis, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ sínú ìwé pé a ń pe Àgùàlà ní Ìràwọ̀-alẹ́ tó bá yọ nírọ̀lẹ́, Òféèrè tó bá yọ ní ìdájí, Ajá-oṣù tó bá sún mọ́ òṣùpá. Ó gbọ́ ìtàn pẹ̀lú: oòrùn lé àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ kúrò lójú ọ̀run, wọ́n sá tọ Yemọja lọ, wọ́n di ẹja, àwọn ọmọbìnrin ló kù lọ́dọ̀ òṣùpá ìyá wọn, àwọn ni ìràwọ̀. Èyí tí òyìnbó ń pè ní Sirius, Ìràwọ̀-ọkọ̀ ni tiwa, torí àwọn atukọ̀ ìgbà náà ń fi í mọ̀nà lóru. Ẹni tó ń fi ìràwọ̀ ṣiṣẹ́ ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Hawaii náà: Hōkūleʻa, Ìràwọ̀ Ayọ̀, máa ń gba òkè orí erékùṣù wọn gan-an kọjá. Ní 1976, ọkọ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè dé Tahiti láìlo kọ́ńpáàsì.

Ṣùgbọ́n ní agbègbè wa, Alímọ̀ṣọ́, lónìí, ìràwọ̀ orí ẹni là ń sọ ju ti ojú ọ̀run lọ. Ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, wọ́n á ní, "Wọ́n ti gba ìràwọ̀ rẹ̀." Ó di ìwẹ̀: ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn tuntun, àbẹ́là méje, omi odò tó ń ṣàn. Wọ́n á gún ọ̀dúndún, rinrin àti tẹ̀tẹ̀ mọ́ ọṣẹ náà. Ọmọ á wẹ̀ ní ìdájí kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á ju kàn-ìn-kàn-ìn sódò, kò sì gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. N kò bá ewé jà. Ìyá mi máa ń fi ọ̀dúndún yá iná, á fún oje rẹ̀ fún ọmọ tó ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọwọ́ ọmọ aráyé lè tó ìràwọ̀ ẹlòmíràn. Owó tí ìyá ọmọ ń yá san fún ìwẹ̀ yẹn ló ń dùn mí, nítorí ìbá ti fi san owó WAEC ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.