Aáyán àti Eku ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré Sniper ní ọjà gbangba, nítorí oró rẹ̀ ń pa ènìyàn. Kí olùtọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún má ṣe rò pé ọwọ́ òun ṣófo. Aáyán lè wà fún oṣù kan láìjẹun, ṣùgbọ́n kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìmu omi. Nítorí náà kí ó da omi inú garawa nù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ó gbálẹ̀, nítorí òru ni aáyán àti eku ń jẹ èérún àkàrà tí àwọn ọmọdé dà sílẹ̀. Ihò tí pẹ́ńsùlù bá wọ̀, ọmọ eku a wọ̀ ọ́: sìmẹ́ńtì ni kí ó fi dí i. Bí oògùn bá sì di dandan, àkókò ìsinmi ni kí a lò ó, nígbà tí ọmọ kankan kò sí nínú yàrá.