Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà àti Kíkúrò Lórí Ìkànnì Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́

Ọkọ́ ni irinṣẹ́ àgbẹ̀. Bí iṣẹ́ oko bá parí, àgbẹ̀ a gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, a lọ gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọkọ́ a sì dákẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. A kò rí ọkọ́ tí í jí àgbẹ̀ lóru pé kí ó wá wo ohun tí ọkọ́ aládùúgbò ń ṣe. Ohun tí ó ya irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ kúrò lára ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ nìyí: èkíní ń dúró de ẹni tí yóò lò ó, èkejì ń pe ènìyàn ṣáá.

Irinṣẹ́ tí ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n nínú kọ̀ǹpútà. Ímeèlì jẹ́ ọ̀kan. Ní ọdún 1971, Ray Tomlinson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn; òun náà ni ó yan àmì @ tí ó wà nínú àdírẹ́sì ímeèlì títí di òní. Èkejì ni RSS, tí ó jáde ní ọdún 1999. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìròyìn tuntun jọ láti orí àwọn ìkànnì tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ yàn, kí ó sì tò wọ́n síwájú rẹ̀. Bí ìròyìn bá tán, ó tán nìyẹn.

Ti ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Facebook bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004. Twitter, tí a sọ di X ní ọdún 2023, tẹ̀ lé e ní ọdún 2006. Kò di dandan kí ènìyàn san kọ́bọ̀ kí ó tó wọlé, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ń san owó náà. Àwọn olùpolówó ọjà ni, ohun tí wọ́n sì ń rà ni ojú àti àkókò ènìyàn. Bí ojú bá ti pẹ́ tó lórí ìkànnì ni èrè ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí a fi ṣe é kí ó má ṣe ní òpin. Ní ọdún 2006, Aza Raskin gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ojú ìwé bá fẹ́ parí, òmíràn yóò yọ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2009, Facebook fi bọ́tìnì Like kún tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi àwòrán síta a máa padà lọ wò bóyá àwọn ènìyàn ti yìn ín.

Cal Newport, Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Georgetown ní Washington, kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀ lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Digital Minimalism, tí ó jáde ní ọdún 2019, ó dámọ̀ràn pé kí ènìyàn yẹra fún gbogbo ohun tí kò pọn dandan lórí fóònù fún 30 ọjọ́, lẹ́yìn náà kí ó mú kìkì èyí tí ó ní àǹfààní gidi padà. Ti Jaron Lanier le jù bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2018, ó kọ odidi ìwé kan láti fi ìdí mẹ́wàá hàn tí ó fi yẹ kí ènìyàn pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí wọn.

Síbẹ̀, a kò lè ní kí gbogbo ènìyàn kúrò. Ìyá wà tí ó jẹ́ pé orí ìkànnì ni ó ti ń rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù; aránṣọ wà tí ó jẹ́ pé orí Instagram ni oníbàárà ti ń rí iṣẹ́ rẹ̀. Bí irú wọn bá já okùn náà lójijì, ẹbí àti oúnjẹ ni yóò fara gbá. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ ni pé: iṣẹ́ wo ni ìkànnì yìí ń bá òun ṣe, irinṣẹ́ wo tí kì í pariwo ni ó sì lè ṣe iṣẹ́ kan náà?

Ẹni tí ó bá pinnu láti lọ gbọ́dọ̀ lọ bí ẹni tí ń kó ẹrù kúrò nílé, kì í ṣe bí ẹni tí iná lé jáde. Kí ó kọ́kọ́ kó àwòrán àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Facebook ní ibi tí a ti lè béèrè fún wọn. Kí ó gba nọ́ńbà fóònù àwọn tí kò fẹ́ sọ nù, kí ó sì fún wọn ní tirẹ̀. Kí ó mọ̀ pé ìsinmi ráńpẹ́ yàtọ̀ sí ìparẹ́: ẹni tí ó bá ní kí Facebook pa orúkọ òun rẹ́ ní 30 ọjọ́ láti yí ọkàn padà.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Kọ̀ǹpútà kò burú, fóònù kò burú. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ènìyàn jẹ́ olówó irinṣẹ́ rẹ̀, kí irinṣẹ́ má di olówó ènìyàn.