Renee Powell àti ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ rà

Eré ìdárayá ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Gọ́ọ̀fù ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń yọ́ lọ, torí pé eré àwọn olówó la ka gọ́ọ̀fù sí nílẹ̀ wa. Ẹ dúró ná. Ohun tó sọ ọ́ di eré olówó gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹni tí mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀ ni Renee Powell, obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Ohio nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1946.

LPGA ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun. Ẹ yẹ ìwé àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ nínú ìdíje wọn wò, ẹ ò ní rí orúkọ Renee Powell níbẹ̀. Láti 1967 títí di 1980, ó kópa nínú ìdíje tó lé ní 250, kò gba ẹyọ kan. Ó gba ọ̀kan ní Australia lọ́dún 1973, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí lára ti LPGA. Kathy Whitworth, tí àwọn méjèèjì jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà kan náà, gba 88. Ẹni tó bá ń fi ife-ẹ̀yẹ wọn èèyàn á ní kí la wá ń rò lẹ́jọ́ Renee Powell sí. Èmi ò sọ pé ó mọ̀ ọ́n gbá ju Whitworth lọ o. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbá tó Whitworth nígbà yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ife-ẹ̀yẹ ń wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn ti dé orí pápá. Kò wọn ọ̀nà tó gbà débẹ̀.

Ẹ wo bí eré náà ṣe rí. Bọ́ọ̀lù kékeré kan, àpò kan tí ọ̀pá inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 14 lọ, àti ihò 18. Ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju ínǹsì mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ihò kan dé ihò fúnra rẹ̀ lè gùn ju pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n tò mọ́ra wọn lọ. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù lọ kó tó parí ihò méjìdínlógún ló borí. Kò sẹ́ni tó ń dí ẹ lọ́nà, kò sẹ́ni tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ. Ìwọ àti ilẹ̀ lẹ jọ ń figagbága.

Ilẹ̀ yẹn gan-an ni ìṣòro. Pápá oníhò 18 sábà máa ń gba éékà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará Èkó, éékà kan tó nǹkan bíi plọ́ọ̀tì mẹ́fà. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: plọ́ọ̀tì 600, koríko lásán, kò sí ilé, kò sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa gé e, wọ́n á máa bomi rin ín. Ọmọ aláìní lè fi ẹsẹ̀ lásán kọ́ bọ́ọ̀lù lójú títì Mushin kó sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kò lè kọ́ gọ́ọ̀fù lójú títì. Ẹnì kan ní láti ṣí géètì fún un. Torí náà, nínú eré yìí, ẹni tó nilẹ̀ ló ń yan ẹni tó máa mọ̀ ọ́n gbá, kó tó di pé a ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àbímọ́ni rárá. (Àwa náà kò ṣàì mọ nǹkan nípa géètì bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ikoyi Club lónìí, European Club ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1938. Orúkọ náà ti sọ tẹnu ẹ̀. Ìyẹn á ní ọjọ́ tiẹ̀.)

Ní Amẹ́ríkà, PGA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, kọ ọ́ sínú òfin wọn gbangba pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè bá àwọn ṣe. Ọdún 1961 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. LPGA, tí àwọn obìnrin 13 dá sílẹ̀ lọ́dún 1950, kò ní irú òfin yẹn nínú ìwé tiwọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ LPGA kò ní pápá. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje wọn káàkiri, onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tiẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ara gba èyí ni Althea Gibson. Àwọn àgbà inú yín á rántí orúkọ yẹn látinú tẹ́nìsì: òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba Wimbledon, lọ́dún 1957, ó sì tún un gbà ní 1958. Ọbabìnrin Elizabeth ló gbé àwo lé e lọ́wọ́. Nígbà tó padà sí New York, wọ́n fi mọ́tò gbé e yí ìlú ká, àwọn èèyàn ń da bébà sórí rẹ̀ látojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n àwo kì í ṣe oúnjẹ. Ayé ìgbà yẹn, wọn kì í san owó fún ẹni tó bá gba Wimbledon, kọ́bọ̀ kò sí nínú ẹ̀. Gibson wá iṣẹ́ kiri, ó kọrin, ó bá àwọn Harlem Globetrotters rìn láti máa gbá tẹ́nìsì fún ìran wíwò. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Lọ́dún 1964, nígbà tó ń lọ sí ọmọ ọdún 37, ó di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú LPGA.

Ẹ fojú inú wò ó. Obìnrin tí ọbabìnrin bọ̀ lọ́wọ́, ó dé pápá kan láti wá ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó lè gbá bọ́ọ̀lù ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ẹgbẹ́ wọn. Inú mọ́tò ló ti ń pààrọ̀ bàtà. Àwọn pápá mìíràn kò tiẹ̀ fẹ́ rí i rárá. Lenny Wirtz, tó ń darí LPGA nígbà yẹn, dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: bí Gibson kò bá gbá, kò sẹ́ni tó máa gbá. Ẹgbẹ́ náà yí ẹ̀yìn sí àwọn pápá tó kọ̀ ọ́. Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ akin.

Gibson gbá ìdíje 171. Èyí tó fẹ́ẹ̀ gbà nínú wọn ni ti Len Immke Buick Open lọ́dún 1970, ní Ohio. Òun àti Sandra Haynie àti Mary Mills ni wọ́n jọ ṣe déédéé, wọ́n ní kí wọ́n gbá àfikún, Mills ló sì gbé e lọ. Gbogbo owó tó rí nídìí gọ́ọ̀fù látìbẹ̀rẹ̀ dópin kò ju dọ́là 25,000 lọ. Ẹ má gbàgbé pé ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù kì í gba owó oṣù. Ipò tó bá ṣe ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Owó mọ́tò, owó hòtẹ́ẹ̀lì, owó ẹni tó ń gbé àpò, àpò ara rẹ̀ ló ti ń yọ gbogbo ẹ̀. Bó bá gbá burúkú lọ́sẹ̀ kan, gbèsè ló gbé relé.

Gibson ti dàgbà kó tó rí pápá tí wọ́n á jẹ́ kó gbá lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ mọ ohun tí mò ń wí: ọwọ́ ọmọdé ló ń tètè gba iṣẹ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Renee Powell ti yàtọ̀, torí pé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ìtàn tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

William Powell ni bàbá náà. Ìlú Minerva ní Ohio ló gbé dàgbà, ó sì ń gbé àpò fún àwọn agbágọ́ọ̀fù láti ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ eré náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bíi sójà Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ó ń gbá gọ́ọ̀fù lórí àwọn pápá ibẹ̀, kò sẹ́ni tó lé e. Ogun parí, ó padà sílé lọ́dún 1946, àwọn pápá tó wà nítòsí ilé rẹ̀ ní àwọn ò gba irú rẹ̀.

Ó pinnu láti ṣe tiẹ̀. Ìjọba ti ṣe òfin pé kí àwọn sójà tó ti ogun dé lè rí owó yá ní báńkì, ìjọba á dúró fún wọn. Powell lọ béèrè tiẹ̀, báńkì kọ̀. Òfin wà lóòótọ́, àmọ́ báńkì ló ní owó lọ́wọ́. Àwọn dókítà adúláwọ̀ méjì ló wá dá owó pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi ilé ara rẹ̀ dúró láti yáwó sí i. Wọ́n ra oko màlúù oníwàrà kan ní East Canton, éékà 78. Plọ́ọ̀tì tó lé ní 460 nìyẹn. Powell ò ní katakata ńlá. Òun àti Marcella ìyàwó rẹ̀ ló ṣa òkúta, ọwọ́ lásán ló fi fọ́n irúgbìn koríko. Tó bá ṣe ti oko tán, á lọ ṣe sikiọ́rítì ní ilé-iṣẹ́ Timken títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa. Lọ́dún 1948, ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ṣí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbá, dúdú àti funfun. Ó pe ibẹ̀ ní Clearview. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1978, ló tó pé ihò 18. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ya àwòrán pápá gọ́ọ̀fù, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, tó sì jẹ́ pé òun ló ni ín.

Ọmọ onílẹ̀ ni Renee, bí kì í tiẹ̀ ṣe irú ọmọ onílẹ̀ tí ẹ̀yin ń sá fún ní Lẹ́kí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí bàbá rẹ̀ gé ọ̀pá kúrú fún un. Kò sí géètì tó ní láti kàn. Bó bá ti ilé ìwé dé, pápá wà níbẹ̀, ó lè gbá bọ́ọ̀lù kan náà nígbà ọgọ́rùn-ún láìsan kọ́bọ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 12, ó wọ ìdíje àwọn ọmọdé fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì gbẹ̀yẹ. Ní yunifásítì, òun ni kápútẹ́ẹ̀nì ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù àwọn obìnrin. Ó wọ LPGA lọ́dún 1967, ọmọ ọdún 21, adúláwọ̀ kejì lẹ́yìn Gibson.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá ẹni kò lè tẹ̀ lé ni lọ sí gbogbo ìlú. Hòtẹ́ẹ̀lì á ní kò sí yàrá mọ́. Lẹ́tà á dé pé àwọn máa pa á. Ẹ rántí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ìwọ àti ilẹ̀ lẹ jọ ń figagbága. Eré tó jẹ́ pé ìbàlẹ̀ ọkàn ni gbogbo ẹ̀, tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n níwájú ihò tí kò ju ẹnu ife lọ, òun ń gbá a pẹ̀lú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú àpò. Ọdún 13 ló fi ṣe é. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìyẹn sínú ìwé ife-ẹ̀yẹ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba bàbá gba ọmọ náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, pápá Silvermere ní Surrey fi í ṣe olórí olùkọ́ni. Obìnrin kankan ò ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí ní Bìrìtìkó. Nígbà tó yá, ó padà sí Clearview láti di olórí olùkọ́ni níbẹ̀, Larry àbúrò rẹ̀ ń tọ́jú koríko. Ó tún di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú PGA, ẹgbẹ́ kan náà tó ti kọ aláwọ̀ funfun nìkan sínú òfin rẹ̀.

Yunifásítì St Andrews ní Scotland fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 2008. Ìlú St Andrews yẹn ni Royal and Ancient wà, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1754, tí kò gba obìnrin kankan títí di ìgbà tí wọ́n dìbò sí i ní 2014. Ọdún 260! Nígbà tí wọ́n yan àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dá lọ́lá ní 2015, Renee Powell wà lára wọn, pẹ̀lú Annika Sorenstam àti Louise Suggs, àwọn tí ife-ẹ̀yẹ kún ilé wọn. Lọ́dún 2018, yunifásítì náà fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé.

William Powell kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2009, ẹni ọdún 93. Ní 2011, Renee bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Clearview fún àwọn obìnrin tó ti ṣe sójà rí. Wọ́n ń wá kọ́ gọ́ọ̀fù níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lórí koríko tí sójà kan fọwọ́ gbìn nígbà tó ti ogun dé tí wọn ò gbà á wọlé níbòmíràn.